Bí Àdúgbò Ṣe Lè Dá Ọgbà Ẹ̀fọ́ Sílẹ̀ Tí Kò Ní Kú Nígbà Ẹ̀ẹ̀rùn

Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò nílẹ̀ Yorùbá lónìí, kò ṣòro láti rí ilẹ̀ kan tí ẹni tó ni ín kò tíì kọ́, tí igbó ti bò, tí àwọn tó ń kọjá sì ti sọ di ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí lóru. Ẹni tí mo kọ ìtọ́ni yìí fún ni ẹni tó ń wo irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ bó bá ń lọ síbi iṣẹ́, tó sì ń rò ó pé bí òun àti àwọn ará àdúgbò òun bá lè yọ̀ǹda wákàtí díẹ̀ lọ́sẹ̀ láìgba owó, ẹ̀fọ́ yóò jáde níbẹ̀, àwọn tí kì í kí ara wọn yóò sì máa kí ara wọn. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ètò tó yẹ kí a tẹ̀ lé kì í ṣe èyí tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ọgbà àkọ́kọ́ tí mo bá wọn dá, ní àdúgbò kan ní Ìbàdàn, kò kú nítorí kòkòrò, bẹ́ẹ̀ ni kò kú nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ kò lọ́ràá. Ní oṣù karùn-ún, nígbà tí òjò ń rọ̀ dáadáa, a lé ní ogún tí a gbé ọkọ́ jáde, tí a ń kọrin, tí a ń ya fọ́tò. Nígbà tó fi máa di oṣù kejìlá, èmi àti ìyá àgbà kan tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́nu ọ̀nà nìkan la ṣì ń pọn omi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá náà sọ garawa rẹ̀ kalẹ̀, ó wo ewédú tó ti rọ mọ́lẹ̀ pátápátá, ó ní, “Ọmọ mi, òjò ló ń bá wa ṣiṣẹ́ yìí láti ọjọ́ yìí wá, àwa la ò mọ̀.” Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn tí gbogbo rẹ̀ gbẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa ènìyàn, ilẹ̀ àti omi kí n tó dé orí irúgbìn.

Àáró àti ọ̀wẹ̀

Àwọn baba wa mọ bí a ṣe ń pe ènìyàn síṣẹ́ láìsan owó, wọ́n sì ya ọ̀nà rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú àáró, àwọn ẹgbẹ́ kan tí agbára wọn dọ́gba máa ń ro oko ara wọn ní ẹsẹẹsẹ: lónìí, oko tèmi, lọ́la, oko tìrẹ, ẹni tí wọ́n bá sì ti ro tirẹ̀ ti jẹ gbèsè tí kò gbọ́dọ̀ má san. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó ní iṣẹ́ ńlá nílẹ̀, bí ilé kíkọ́ tàbí igbó ṣíṣán, ni yóò ránṣẹ́ pe àwọn ará, ọ̀rẹ́ àti àna, yóò se oúnjẹ, yóò pèsè ohun mímu, wọn yóò sì bá a ṣe é tán lọ́jọ́ kan. Kò sí gbèsè nínú rẹ̀ ju kí òun náà lọ bí ẹlòmíràn bá pè é.

Àṣìṣe tí àwọn tó ń dá ọgbà àdúgbò sílẹ̀ máa ń ṣe ni pé wọ́n ń fi ọ̀wẹ̀ ṣe gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ kìíní máa ń dùn, ìrẹsì àti ohun mímu wà níbẹ̀, ènìyàn á pọ̀ lọ bí omi, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti mọ́, kò sẹ́ni tó jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ọ̀wẹ̀ dára fún ìgbà mẹ́ta péré lọ́dún: ọjọ́ tí a máa ṣán igbó, ọjọ́ tí a máa ṣe ọgbà yí ilẹ̀ ká, àti ọjọ́ tí a máa kọ ebè. Bíbomirin, títu èpò àti ṣíṣọ́ ọgbà jẹ́ iṣẹ́ ojoojúmọ́, àáró ló sì lè gbé e.

Nítorí náà, ẹ má ṣe ka orí, ilé ni kí ẹ kà. Bí ẹ bá rí ilé mẹ́rìnlá tó gbà láti wọ inú ètò náà, ilé méjì ni yóò ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀sẹ̀, bí bàbá kò bá sí nílé, ìyá tàbí ọmọ lè bọ́ sójú iṣẹ́ náà. Mo fẹ́ràn ilé mẹ́rìnlá tó dúró ju ọgọ́ta orúkọ lọ lórí WhatsApp. Ẹ lọ sí ìpàdé àwọn onílé lóòótọ́, nítorí pé kò sí bí ẹ ṣe lè fo wọn dá, àmọ́ ẹ má ṣe dúró níbẹ̀. Àwọn ayálégbé ló pọ̀ jù nínú ọ̀pọ̀ àdúgbò, àwọn ló sì máa ń nílò ẹ̀fọ́ ọ̀fẹ́ jù, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan kì í sábà pè wọ́n sí ìpàdé onílé. Ojúlé sí ojúlé ni kí ẹ rìn, ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ènìyàn ti dé láti ibi iṣẹ́. Nínú àwọn tí ẹ bá rí, ẹ rí i dájú pé ó kéré tán àgbàlagbà kan tó ti ro oko rí wà níbẹ̀, àti ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kó kúrò ládùúgbò lọ́sàn-án, bí aránṣọ tàbí ìyá olóúnjẹ, nítorí ojú ẹni yẹn ni yóò máa wà lára ọgbà.

Ìjìyà ẹni tó bá pa ọjọ́ rẹ̀ jẹ ńkọ́? Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń gba owó ìtanràn, kò sì pẹ́ tí àwọn tó lówó fi ń fi owó ra ara wọn sílẹ̀, tí àwọn tí kò ní sì ń sá fún ọgbà nítorí gbèsè. Èyí tó dára jù ni ti àáró gan-an: ilé tó bá bá yín bomirin lọ́jọ́ tiyín, ẹ ó bá wọn bomirin lọ́jọ́ tiwọn. Ẹ ya kàlẹ́ńdà kan sára pátákó lẹ́nu ọ̀nà ọgbà, kí ilé tó bá ṣiṣẹ́ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan síwájú orúkọ rẹ̀. Ìtìjú kékeré tó wà nínú kí àyè ẹni ṣófo lójú gbogbo àdúgbò tó ìtanràn.

Ilẹ̀ tí kò ní dá wàhálà sílẹ̀

Ẹ má fi ọkọ́ kan ilẹ̀ tí ẹ kò mọ ẹni tó ni ín. Lábẹ́ Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978, gómìnà ni a fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ rẹ̀ nítorí àwọn ará ìlú, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé ìdílé ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ wọn, ẹni tó rà á náà sì ní ẹ̀tọ́, kò sì sí ilẹ̀ tí kò ní ẹni tó ni ín. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ìdílé ní Ìbàdàn, mọ́gàjí ni ẹ ó lọ bá. Níbòmíràn, olórí ẹbí tàbí baálẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó rà á wà lókè òkun, ẹni tó ń bá a mójú tó ilẹ̀ náà ni kí ẹ wá kàn, kí òun sì fi yín hàn án lórí fóònù.

Ẹ gba ìwé. Kò nílò láti gùn: ìlà mẹ́wàá tó sọ bí ilẹ̀ náà ṣe tóbi tó, iye ọdún tí wọ́n yá a fún yín, pé ẹ kò sọ pé ẹ ni ín, àti pé bí onílẹ̀ bá fẹ́ gbà á padà, yóò fún yín ní oṣù mẹ́ta kí ẹ fi kórè ohun tó wà nínú rẹ̀. Ohun kan tún wà tí ìwé kì í sábà sọ ṣùgbọ́n tí àṣà ti sọ tipẹ́. Lórí ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí wọ́n yá ní ilẹ̀ lè gbin àgbàdo àti ẹ̀fọ́, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ gbin obì, ọ̀pẹ, kòkó tàbí ọsàn láìgba àṣẹ, nítorí pé igi tó máa wà níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún dà bí ẹni tó ń sọ pé òun ni òun ni ilẹ̀. Bí ọ̀dọ́ kan nínú yín bá gbin máńgòrò méjì síbẹ̀ nítorí ìbòòji, onílẹ̀ lè rí i kó sì bínú, inú rere ọ̀dọ́ náà kò sì ní pa ìbínú náà. Ẹ jẹ́ kí ohun ọ̀gbìn yín jẹ́ èyí tó ń wá tó ń lọ. Bí ọgbà bá ti ń so, ẹ máa gbé ìdì ẹ̀fọ́ kan lọ fún onílẹ̀ lóṣooṣù. Àwọn àgbà ń pe irú rẹ̀ ní ìṣákọ́lẹ̀, kò sì sí ohun tó ń mú kí onílẹ̀ gbàgbé láti lé ènìyàn tó o.

Kí ẹ má sì rò pé ilẹ̀ ìjọba kò ní irú wàhálà yìí. Ní ọdún 1973, obìnrin kan tó ń jẹ́ Liz Christy àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó ìdọ̀tí kúrò lórí ilẹ̀ òfìfo kan ní ìkóríta òpópónà Bowery àti Houston ní New York, wọ́n sì sọ ọ́ di ọgbà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìlú náà yá wọn ní dọ́là kan lóṣù. Ọ̀pọ̀ ọgbà mìíràn tẹ̀ lé e káàkiri ìlú náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọdún 1999, tí ilẹ̀ ti gbówó lórí, ìjọba ìlú náà kan náà fẹ́ gbé ọgbà tó lé ní ọgọ́rùn-ún lọ sí gbàǹjo. Àwọn ará àdúgbò tú jáde, àwọn àjọ kan sì ra àwọn ọgbà náà kí ọjọ́ gbàǹjo tó pé. Ohun tó gbà wọ́n là ni pé ọgbà wọn ní ènìyàn tó lè jà fún un. Ilẹ̀ tí ẹnì kan ṣoṣo ń dá ro kì í ní irú wọn.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ bèèrè ohun tí wọ́n ti fi ilẹ̀ náà ṣe rí. Bó bá jẹ́ ibi tí mẹkáníìkì ti ń da ọ́ìlì nù, tàbí tí wọ́n ti ń tú bátìrì ọkọ̀, ẹ má ṣe gbin ẹ̀fọ́ sínú erùpẹ̀ ibẹ̀, nítorí òjé inú bátìrì kì í tán nílẹ̀, ó sì burú fún ọpọlọ ọmọdé. Nígbà tí ìjọba Sófíẹ́tì túká lọ́dún 1991, tí oúnjẹ àti epo tó ń wọ Kúbà láti ibẹ̀ sì dín kù lójijì, àwọn ará Havana gbin ẹ̀fọ́ sí ilẹ̀ òfìfo láàárín ìlú. Níbi tí ilẹ̀ kò bá ti dára, wọ́n to búlọ́ọ̀kù tàbí pákó yíká, wọ́n sì kó ilẹ̀ mìíràn àti ajílẹ̀ kún inú rẹ̀. Ẹ̀yin náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, tàbí kí ẹ lo àpò ìrẹsì tí ẹ kó ilẹ̀dú sí. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo oòrùn: ilẹ̀ tí oòrùn kì í pa tó wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ kò ní mú ewédú jáde dáadáa.

Ìṣirò omi

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà nìyí. Ebè tó dára fún ẹ̀fọ́ kò gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju mítà 1.2 lọ, kí ọwọ́ lè kan àárín rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láìjẹ́ pé a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bó bá gùn tó mítà 5, ìyẹn jẹ́ mítà 6 níbùú lóròó. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mítà kan níbùú lóròó yóò mu omi tó lítà 4 tàbí 5 lójúmọ́, nítorí náà ebè kan yóò mu nǹkan bíi lítà 30. Bí ilé mẹ́rìnlá bá ní ebè kọ̀ọ̀kan, lítà 420 nìyẹn lójúmọ́, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́tàdínlógún. Ilé méjì tó ní ọjọ́ náà yóò gbé kẹ́ẹ̀gì mẹ́jọ mẹ́jọ, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Bí kànga bá wà nínú ọgbà, wákàtí kan ni. Bó bá jẹ́ pé òpin òpópónà ni omi wà, ẹ ti mọ ohun tó pa ọgbà wa.

Nítorí náà, iye omi tí ẹ lè rí lóṣù kejì ọdún, nígbà tí kànga bá ti fà, ni kí ẹ fi pinnu iye ebè tí ẹ máa kọ. Ẹ má fi bí ilẹ̀ ṣe tóbi tó pinnu. Bí ilẹ̀ bá gba ogún ebè ṣùgbọ́n tí omi kò ju ti mẹ́fà lọ, ẹ kọ mẹ́fà tí yóò wà yíká ọdún, kí ẹ sì fi ìyókù gbin àgbàdo àti ilá nígbà òjò nìkan. Onílé kan tó ní kànga oníẹ̀rọ lè gbà kí ẹ fa rọ́bà láti ọgbà rẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ilé mẹ́rìnlá náà. Ẹ bá a dá owó iná tàbí bẹntiróòlù tí yóò fi fa omi. Ẹ má jẹ́ kó di ojúrere tí yóò sú u.

Omi òrùlé náà wà. Òjò tó bá rọ̀ tó mìlímítà 20 sórí páànù tó fẹ̀ tó mítà 50 níbùú lóròó yóò kó omi tó nǹkan bíi lítà 1,000 jọ, bí gọ́tà òrùlé bá dára. Àmọ́ omi gọ́tà ojú títì, kódà bí ó bá ń ṣàn lójú yín, ẹ má ṣe bù ú sórí ẹ̀fọ́. Ìgbẹ́ ènìyàn wà nínú rẹ̀, àrùn onígbáméjì sì wà lára ohun tó lè ti ibẹ̀ wá. Àwọn tó bá wà nítòsí odò mímọ́ ní àǹfààní àkùrọ̀, tí í ṣe ilẹ̀ ẹ̀bá odò tí ọ̀rinrin kì í tán nínú rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo sì ń jowú wọn.

Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí ẹ̀fọ́ tó ti dàgbà díẹ̀, kí oòrùn má baà fa omi ilẹ̀ lọ. Ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ máa bomirin, bó bá sì jẹ́ ìrọ̀lẹ́, ìdí ni kí ẹ da omi sí, kí ewé má sùn pẹ̀lú omi lára.

Ọjọ́ ọ̀wẹ̀

Oṣù kejì sí oṣù kẹta ni kí ẹ ṣán igbó, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe ìmọ́tótó àyíká ní Sátidé òpin oṣù, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lò, nítorí pé ènìyàn ti wà nílé, àdá àti bárò sì ti wà níta. Ẹ má dáná sun koríko náà. Ẹ kó o jọ sí igun kan, kí ẹ fi ewé tútù, ewé gbígbẹ àti ìgbẹ́ ẹran lé ara wọn ní ìpele ìpele títí yóò fi ga tó mítà kan, kí ẹ máa bu omi díẹ̀ sí i, kí ẹ sì máa yí i po ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta, yóò dúdú, yóò sì máa rùn bí ilẹ̀ inú igbó lẹ́yìn òjò. Ààtàn ilé àtijọ́ kì í kọ ohunkóhun, ṣùgbọ́n ti ọgbà gbọ́dọ̀ kọ ọ̀rá, egungun, oúnjẹ olóròóró àti ìgbẹ́ ajá.

Ìgbẹ́ adìẹ ni ajílẹ̀ tó rọrùn jù láti rí, àwọn tó ń sin adìẹ sì máa ń fẹ́ kí ẹnì kan bá wọn kó o. Bó bá ṣì tutù, ó máa ń jó ewé àti gbòǹgbò, nítorí náà ẹ jẹ́ kó wà nílẹ̀ lábẹ́ ìbòrí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ tó po nǹkan bíi kílógíráàmù 6 mọ́ ebè kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ náà “ọgbà” fúnra rẹ̀ jẹ́ orúkọ ohun tí a fi yí ilẹ̀ ká, ewúrẹ́ àdúgbò yóò sì tètè rán yín létí rẹ̀. Ọparun tí a là, tí a sì fi wáyà so, yóò lo ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Kí ó tó jẹrà, ẹ gbin pèrègún àti làpálàpá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní fífún pọ̀. Ewúrẹ́ kì í jẹ làpálàpá, pèrègún sì ti jẹ́ àmì ààlà láti ọjọ́ pípẹ́, kò sẹ́ni tí yóò bèèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ilé mẹ́ta ó kéré tán. Ọgbà tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ alága nìkan ti di ọgbà alága.

Ohun tí a máa gbìn

Ẹ fi tẹ̀tẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò sí ohun tó ń mú ọkàn àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ le bí kí wọ́n jẹ nínú rẹ̀ kíákíá, tẹ̀tẹ̀ sì ṣeé fà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Irúgbìn rẹ̀ kéré gan-an, bí a bá fi ọwọ́ fọ́n ọn bẹ́ẹ̀, yóò ṣù pọ̀ síbì kan, nítorí náà ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kí ẹ tó fọ́n ọn. Ṣọkọ tẹ̀ lé e. Ewúro àti gbúre, igi tàbí ọ̀pá wọn lẹ ó gún sílẹ̀, bí ẹ bá sì ń gé wọn dáadáa, wọn yóò máa rú jáde fún ìgbà pípẹ́.

Ewédú ló ní àrà tirẹ̀. Èèpo irúgbìn rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í hù bí a bá kàn gbìn ín, tí àwọn ènìyàn á sì máa sọ pé ẹni tó ta irúgbìn náà rẹ́ wọn jẹ. Ohun tí ìyá ẹlẹ́kọ kọ́ wa nìyí: dì í sínú aṣọ funfun fẹ́ẹ́rẹ́, jẹ́ kí omi hó, sọ ìkòkò náà kalẹ̀, ri aṣọ náà bọ inú rẹ̀, ka ení, èjì, ẹ̀ta títí dé ẹ̀wá, yọ ọ́, kí o sì tẹ̀ ẹ́ bọ omi tútù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Tú u sórí atẹ, jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbẹ omi ara rẹ̀, kí o tó fọ́n ọn. Bí o bá jẹ́ kó pẹ́ nínú omi gbígbóná, o ti se é. Lọ́jọ́ tí ó fi èyí hàn wá, ọmọ mẹ́fà ló dúró yí ìkòkò rẹ̀ ká, tí wọ́n ń bá a ka ení èjì, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣe ẹ wá rí ohun tí mo ń sọ nípa kíkí ara ẹni. Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbàlagbà ní ebè kan tí wọn yóò fi gbin ohun tí ọjà kò fi bẹ́ẹ̀ tà mọ́, bí ẹ̀bọ̀lọ̀, yánrin, wọ̀rọ̀wọ́ àti amúnútutù, kí wọ́n sì máa sọ bí a ṣe ń sè é fún àwọn tó kéré.

Bí ẹ bá nílò irúgbìn tó dára tàbí ìmọ̀ràn lórí àrùn, àwọn tó wà nítòsí Ìbàdàn lè lọ sí ilé-iṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀gbìn inú ọgbà tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Ìdí-Iṣin lọ́dún 1975, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí NIHORT. Fún kòkòrò tó ń jẹ ewé, ẹ gún ewé dóńgóyárò, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, kí ẹ sì fín in ní ìrọ̀lẹ́. Oògùn apakòkòrò ọjà kò yẹ ọgbà tí ọmọdé ń já ewé jẹ nínú rẹ̀. Ẹ má sì gbin ewédú sórí ebè kan náà léraléra, nítorí àwọn kòkòrò tíntìntín inú ilẹ̀ yóò wọ gbòǹgbò rẹ̀, yóò sì wú kókó kókó. Ẹ fi àgbàdo gbà á lẹ́yìn.

Ìkórè

Ìjà ọgbà àdúgbò kì í wáyé nígbà ìyàn, ìgbà tí ẹ̀fọ́ bá pọ̀ ló máa ń dé. Ẹni tó bomirin ní ìgbà mẹ́wàá yóò rí ẹni tó wá lẹ́ẹ̀mejì tó ń gbé apẹ̀rẹ̀ kún, yóò dákẹ́, kò sì ní wá mọ́. Ẹ jẹ́ kí ìpín wà nínú àdéhùn kí irúgbìn kankan tó wọ ilẹ̀. Ohun tí èmi rí i pé ó ṣiṣẹ́ ni kí ilé kọ̀ọ̀kan ní ebè tirẹ̀, kí ebè mẹ́ta tàbí mẹ́rin sì jẹ́ ti gbogbo yín, tí a ó máa tà, kí owó rẹ̀ lọ sí omi àti irinṣẹ́. Akápò yóò kọ iye tó wọlé àti iye tó jáde sára pátákó kan náà tí ìlà ṣọ́ọ̀kì wà, ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Bó bá jẹ́ orí fóònù nìkan ni ìṣirò wà, àwọn tí kò ní fóònù yóò rò pé wọ́n ń jẹ ẹ́.

Olè ńkọ́? Ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Todmorden, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2008 láti máa gbin ẹ̀fọ́ sí ẹ̀bá títì, sí iwájú àgọ́ ọlọ́pàá àti ilé ìwòsàn, wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá já nínú rẹ̀. Mi ò rò pé èyí lè ṣiṣẹ́ fún gbogbo ọgbà lọ́dọ̀ wa, nítorí ẹni tó ń ta ẹ̀fọ́ lọ́jà yóò mú àpò dání wá. Ṣùgbọ́n a gba díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ gbin ẹfinrin, koríko ọba, ata wẹ́wẹ́ àti ewúro sí ìta ọgbà, lójú ọ̀nà, kí ẹ sì kọ ọ́ sára pákó pé ti gbogbo ayé ni. Láti ìgbà tí a ti ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ọgbà tí a dá lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, iye àwọn tó ń fo ọgbà wọlé dín kù gan-an, àwọn tó wá já ẹfinrin sì wà lára àwọn tó wá bèèrè bóyá ebè ṣẹ́ kù.

Bí ìjà bá dé, ẹ má ṣe yanjú rẹ̀ lórí WhatsApp. Ẹ pe àwọn méjèèjì sínú ọgbà lọ́jọ́ iṣẹ́, kí ẹnì kan tí àwọn méjèèjì ń bọ̀wọ̀ fún bá wọn sọ̀rọ̀ nígbà tí ọwọ́ gbogbo yín wà nínú èpò.

Nígbà tí òjò bá fẹ́ lọ, ní nǹkan bí oṣù kẹwàá, ẹ fi igi tẹ̀tẹ̀ àti ewédú méjì tàbí mẹ́ta tó dára jù sílẹ̀ lórí ebè kọ̀ọ̀kan láìjá wọn, kí wọ́n gbó. Bí orí tẹ̀tẹ̀ bá ti gbẹ, ẹ gé e ní ọ̀sán tí oòrùn mú, ẹ fi ọwọ́ ra á sínú igbá, ẹ fẹ́ ìyàngbò rẹ̀ dànù, ẹ ó sì rí irúgbìn dúdú tó ń dán, tó pọ̀ tó fún ebè mélòó kan. Ẹ dì í sínú bébà, ẹ kọ oṣù àti ọdún sí i lára, kí ẹ sì pín in fún ilé mẹ́rìnlá náà, kí ó má ṣe wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Ti ọdún yìí ti wà lórí pẹpẹ ìyá ẹlẹ́kọ, nínú agolo mílíìkì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀.